Ẹ̀ga ìtòsí ilé, yanrìn odò Ọya, tàbí erékùṣù etí òkun: èwo ni kí ará Kabba àti Ìsánlú lọ wò?

Etí òkun jìnnà sí wa. Ẹni tó ń gbé ní Kabba, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, tó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹyẹ rẹpẹtẹ ti ń yé, tí wọ́n ń sàba, tí wọ́n sì ń bọ́ ọmọ lójú kan náà, gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ náwó lé kó tó wọ mọ́tò. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún un: kó jókòó ti igi ẹ̀ga ládùúgbò rẹ̀, kó lọ sí odò Ọya ní Lọ́kọ́ja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí kó wọ bàlúù lọ sí etí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí ẹyẹ òkun gan-an ti ń kóra jọ yé.

Ohun tí a fi ń wọn ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò jù lọ ni bóyá èèyàn lè rí ìtẹ́ dáadáa láìjẹ́ kí ìyá ẹyẹ dìde lórí ẹyin. Igi ẹ̀ga kan tí ẹ jókòó tì fún wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún yín dára ju erékùṣù tí gbogbo ẹyẹ rẹ̀ ti fò sókè kí ẹ tó yọ awò awọ̀nàjíjìn jáde.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ yọ etí òkun Èkó kúrò nínú ìṣirò yín. Òótọ́ ni pé ẹyẹ òkun funfun tí wọ́n ń pè ní tern máa ń pọ̀ létí omi níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wá jẹ, wọ́n sá fún òtútù. Yúróòpù ni wọ́n ti ń yé, wọn kì í mú ìtẹ́ wá síbí. Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, dára fún ọ̀bọ àti ẹyẹ inú igbó, afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní mítà 401 sì tó ohun tí èèyàn ń lọ wò. Ẹni tó bá torí ìtẹ́ ẹyẹ òkun lọ síbẹ̀ ti ṣì í.

| | Ẹ̀ga ìtòsí ilé | Yanrìn odò Ọya | Etí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl |
|---|---|---|---|
| Àsìkò | ìgbà òjò | ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá fà jù | tern: oṣù kẹrin sí keje, òfú (pelican): oṣù kọkànlá sí kẹrin |
| Bí ẹ ṣe lè súnmọ́ tó | mítà 10 | mítà 100, láti inú ọkọ̀ | ibi tí òṣìṣẹ́ ọgbà bá ní kí ẹ dúró |
| Ìrìnàjò | ẹsẹ̀ | ọjọ́ méjì, ẹ ó sùn ní Lọ́kọ́ja | ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù |
| Ohun tó ń bà á jẹ́ | wọ́n gé igi | omi tó ṣàdédé kún, ẹlẹ́sẹ̀ lórí yanrìn | àrùn ẹyẹ, ìgbì, àsìkò tí kò bá a mu |

Ẹ̀ga

Ẹ̀ga kì í ṣe ẹyẹ omi rárá, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ìwà ẹyẹ tó ń yé lọ́wọ̀ọ́ kò ní mọ ohun tó ń wò tó bá dé etí òkun. Akọ rẹ̀ ni aláwọ̀ òféfèé tó ní orí dúdú. Ó máa ń gé etí imọ̀ ọ̀pẹ pẹ̀lú àgógó, yóò di í mú, yóò fò, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò sì ya tẹ̀lé e. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun, inú òrùka náà ló ń dúró sí tí yóò fi hun yàrá síwájú, ẹnu ọ̀nà yóò sì kọjú sílẹ̀. Tó bá parí, yóò rọ̀ mọ́ abẹ́ ìtẹ́, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa pariwo sí abo tó ń kọjá. Abo yóò wọlé, yóò fa ibí, yóò fa ọ̀hún. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ti lọ nìyẹn.

Ìtẹ́ tútù ni abo ń fẹ́. Èyí tó bá gbẹ láìní aya, akọ fúnra rẹ̀ ló ń já a sílẹ̀ kó lè hun òmíràn síbi kan náà. Nítorí náà, òkìtì ìtẹ́ gbígbẹ tí ẹ bá rí lábẹ́ igi kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ìjì. Ẹ tún wò ó bí èéfọ́ ẹyin bá wà nílẹ̀: òmíràn funfun, òmíràn aláwọ̀ ojú ọ̀run, òmíràn alámì tótòtó. Abo kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ẹyin tirẹ̀, ìyẹn ló sì fi ń dá ẹyin àlejò mọ̀, nítorí ẹyẹ kan wà tó ń yé ẹyin tirẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹ̀ga kí wọ́n lè bá a tọ́ ọmọ.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dára jù. Ẹ gbé àga síbi tó jìnnà tó mítà 10, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì yan ìtẹ́ kan ṣoṣo. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa wo gbogbo igi lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò rí ariwo, kò ní rí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan. Ẹyin ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 12, ẹni tó bá ń padà wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò rí ìtàn ìtẹ́ náà láti òrùka dé ọmọ. Ẹ má ṣe jókòó sábẹ́ ẹ̀ka gan-an. Yàtọ̀ sí ìgbẹ́ ẹyẹ, ejò máa ń gun irú igi bẹ́ẹ̀ torí ẹyin, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń rántí di ẹ̀ka mú. Bí igi náà bá wà létí oko àgbàdo, ẹ kọ́kọ́ kí olóko. Ọ̀tá rẹ̀ lẹ wá wò.

Yanrìn odò Ọya ní Lọ́kọ́ja

Èyí ni a máa kọ́kọ́ dámọ̀ràn fún ẹni tí kò lè dé òkun, nítorí ìṣesí ẹyẹ ibẹ̀ àti ti ẹyẹ òkun bára mu: ilẹ̀ yanrìn lásán, ẹyin láìní koríko lábẹ́, oòrùn lórí, omi yíká. Bí omi Ọya àti ti Bẹ́núé bá ti fà, yanrìn á yọrí láàrin odò. Orí rẹ̀ ni skimmer ti ń yé, ẹyẹ dúdú lẹ́yìn, funfun níkùn, tí àgógó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ti ìsàlẹ̀ sì gùn ju ti òkè lọ. Ẹyẹ mìíràn kò ní irú àgógó bẹ́ẹ̀ lórí omi wa. Tó bá ń jẹun, yóò ya ẹnu, yóò máa fò lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, àgógó ìsàlẹ̀ yóò sì máa la omi títí ẹja yóò fi kàn án. Àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe é jù. Lọ́sàn-án, orí yanrìn ló máa ń wà.

Àwọn mìíràn ń bẹ níbẹ̀. Egyptian plover, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú, dúdú àti funfun, kì í kóra jọ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló yani lẹ́nu jù: ó ń fi yanrìn bo ẹyin rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò lọ rẹ ikùn sínú odò, yóò sì wá fi omi náà tu yanrìn lára kí ẹyin má bà á sè. Nítorí rẹ̀ nìkan, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sórí yanrìn nígbà tí wọ́n ń yé. Ẹyin tí ẹsẹ̀ yín yóò fọ́, ẹ kò lè rí i. Grey pratincole náà ń yé sórí irú yanrìn yìí. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ débi pé ìgbà tó bá rìn ni èèyàn ń mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ní bèbè odò tó ga, tó dúró bí ògiri, ẹ wá ihò roboto tó tò jọ: ti bee-eater ọlọ́fun pupa nìyẹn. Wọ́n ń gbẹ́ ihò náà nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí amọ̀ ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń yé sí i. Èyí rọrùn ju yanrìn lọ, torí ẹ lè dúró sí òdìkejì odò kékeré kan, kí ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń gbé kòkòrò wọlé.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Láti Kabba, ẹ gba Ọbajánà, kìlómítà bí 43 àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀nà kọnkéré. Ẹ kúrò nílé láàárọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n bá yín ní Lọ́kọ́ja. Ẹ béèrè ipò ọ̀nà ní páàkì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ ní àlọ tàbí ní àbọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú yẹ kó ka ọjọ́ kan kún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé ni kí ẹ lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ létí omi. Ẹ má bi wọ́n pé “Níbo ni ẹyẹ wà?” Ẹyẹ wà níbi gbogbo. Ẹ bi wọ́n pé: “Orí yanrìn wo ni ẹyẹ ti máa ń kígbe lé yín lórí tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀?” Apẹja tó ń sùn lórí yanrìn yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kó sùn. Hausa tàbí Núpé díẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání.

Wákàtí ni kí ẹ fi dúnàádúrà, ẹ má fi ọ̀nà jíjìn ṣe é. Ọlọ́kọ̀ tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ “àlọ àti àbọ̀” yóò fẹ́ sáré padà, nígbà tó jẹ́ pé dídúró jẹ́ẹ́ gan-an lẹ ń ra. Ẹ sọ pé wákàtí mẹ́ta ni, pé ẹ́ńjìnnì yóò kú fún ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ san ìdajì, ẹ mú ìyókù dání di ìgbà tí ẹ bá gúnlẹ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì fún olúkúlùkù, kí ẹ sì wọ̀ ọ́. Gbígbé e sábẹ́ ìjókòó kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Lójú omi, ẹ gba òkè yanrìn náà wá, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí omi fúnra rẹ̀ máa gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ní mítà 100 sí i. Ẹ máa wo orí àwọn tó ń sàba. Bí wọ́n bá na ọrùn, ẹ ti tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dìde dúró lórí ẹyin, ẹ ti kọjá ààlà. Bí wọ́n bá fò, ẹ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ìdí rẹ̀ ni pé yanrìn ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn gbóná débi pé ẹyin tí kò ní òjìji lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwòdì àti kannakánná sì ń wo ọ̀kánkán. Skimmer fúnra rẹ̀ máa ń lọ rẹ ikùn sínú omi kó tó padà jókòó. Ẹyẹ tó ń yí lórí ọkọ̀ yín kò ráyè ṣe ìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn odò ni Lọ́kọ́ja wà, nítorí náà ẹni tó bá ń wo odò láti ìhà ìlú láàárọ̀ yóò máa wo ojú oòrùn, òjìji dúdú ni gbogbo ẹyẹ yóò jẹ́ fún un. Láàárọ̀, ẹ gba ìhà Shintaku kọjá kí ẹ máa wo padà sí ìlú. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yí i padà. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru eruku lè má là títí di aago mẹ́wàá, èyí sì wà lára ìdí tí oṣù kẹta àti ìkẹrin fi sàn ju oṣù kìíní lọ.

Ohun tó ń ba ìrìnàjò yìí jẹ́ jù ni omi. Ìdídò Kainji, tó ti wà láti 1968, àti ti Jẹ́bà lókè odò lè tú omi sílẹ̀ láìsí òjò kankan ní Lọ́kọ́ja, yanrìn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì á sì rì sínú omi pẹ̀lú ẹyin orí rẹ̀. Ìkún omi 2012 àti ti 2022 náà fihàn bí odò yìí ṣe lè yí ilẹ̀ padà. Àpèjúwe tí ẹnìkan bá fún yín láti ọdún tó kọjá, ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lásán. Yanrìn tuntun, tó mọ́, tí koríko kò hù sí, tí omi yí ká pátápátá ni kí ẹ máa wá. Èyí tí màlúù lè rìn dé, tàbí tí àwọn tó ń kó yanrìn bá ti dúró sí, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Etí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl

Ìdí tí a fi mú Sẹ̀nẹ̀gàl ṣáájú ni pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò nílò físà níbẹ̀ fún ọjọ́ 90, nítorí ECOWAS. Banc d'Arguin, ọgbà ẹyẹ etí òkun ní Mauritania, tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé ní 1989, tóbi ju àwọn ọgbà ti Sẹ̀nẹ̀gàl lọ, ṣùgbọ́n Mauritania ti jáde kúrò nínú ECOWAS láti 2000, físà sì ti wọ̀ ọ́. Àwọn àpáta Tinhosas lẹ́bàá Príncipe kún fún ẹyẹ òkun, àmọ́ ọkọ̀ dídé ibẹ̀ wọ́n, ìgbì kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀. Fún ẹni tó ń ti Kogi lọ, a kò rí ohun tó mú un ju Sẹ̀nẹ̀gàl lọ.

Inú Sẹ̀nẹ̀gàl náà, ẹ gbọ́dọ̀ yàn. Ibi mẹ́rin ló wà, àsìkò wọn kò sì dọ́gba.

Ẹnu odò Saloum ni ojúlówó. Île aux Oiseaux tó wà nínú ọgbà ìjọba níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí tern ńlá aláàgógó ọsàn ti ń yé jù lọ láyé. Ẹyin kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yé, orí yanrìn lásán, wọ́n sì ń jókòó sún mọ́ra débi tí àgógó ẹnìkan fi lè kan aládùúgbò rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 30 ni wọ́n ń sàba. Tí ọmọ bá ti lè rìn, wọn yóò kó gbogbo wọn jọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, síbẹ̀ òbí kọ̀ọ̀kan á mọ ohùn ọmọ tirẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Gull, ẹyẹ òkun tó ń jalè, ń yé sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ìṣẹ́jú tí tern bá sì fò ló ń gbé ẹyin. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ ọgbà kì í fi í jẹ́ kí àlejò rìn bó ṣe fẹ́. Bó bá ní kí ẹ dúró sínú ọkọ̀, ẹ dúró. Ẹ má fi owó bẹ̀ ẹ́. Toubacouta ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń wọ ọkọ̀. Omi ibẹ̀ ń kún, ó ń fà pẹ̀lú òkun, nítorí náà kí ẹ béèrè wákàtí ìkún omi kí ẹ tó dá àkókò; ọkọ̀ tó bá lọ nígbà ìfà lè jókòó sórí ẹrẹ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Djoudj, lápá àríwá, kì í ṣe etí òkun gan-an, àmọ́ ó sún mọ́ ọn, ó sì rọrùn jù fún àgbàlagbà tàbí ọmọdé. Òfú ló wà níbẹ̀, ẹyẹ funfun ńlá tó ní àpò lábẹ́ àgógó, ọkọ̀ sì ń gbé àlejò kọjá lẹ́bàá erékùṣù tí wọ́n ń yé sí láìsọ̀ kalẹ̀. Oṣù kọkànlá sí ìparí oṣù kẹrin ni ọgbà náà ń ṣí. Ó tó ká kìlọ̀ nípa àrùn ẹyẹ: ní oṣù kìíní 2021, òfú tó ju 700 kú níbẹ̀, wọ́n sì ti ọgbà pa. Ẹ béèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù.

Langue de Barbarie, lẹ́bàá ìlú Saint-Louis, ní tern àti gull, ṣùgbọ́n àlàyé àtijọ́ nípa rẹ̀ ti lè máà bá a mu mọ́. Ní 2003 wọ́n gbẹ́ ojú omi tó fẹ̀ ní mítà 4 gba inú yanrìn ibẹ̀ kọjá kí ìkún odò má bà á gba ìlú. Òkun gbà á, ó sì fẹ̀ ẹ́ di ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹnu odò ṣí kúrò níbi tó wà. Îles de la Madeleine ní iwájú Dakar ni ti ẹni tí kò ní ju ìdajì ọjọ́ lọ: ọkọ̀ ń gbéra láti Soumbédioune, ẹyẹ funfun onírù gígùn tí wọ́n ń pè ní tropicbird ń yé sínú ihò àpáta. Ìtẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀ lójú kan, nítorí náà ẹni tó ń wá ogunlọ́gọ̀ má lọ.

Owó Sẹ̀fà ni wọ́n ń ná, Faransé àti Wolof ni wọ́n ń sọ. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ẹrù

Awò awọ̀nàjíjìn 8×42 tó fún ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, èkejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi 20 tàn yín: lórí ọkọ̀ tó ń mì, ohun tó ju 10 lọ kò ní jẹ́ kí ẹyẹ dúró lójú yín. Bí yanrìn tàbí omi iyọ̀ bá kan gíláàsì, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án kí ẹ tó nù ún. Aṣọ tó gbẹ lórí yanrìn ni ó ń ha á. Fìlà ẹlẹ́tí, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀, omi lítà méjì fún ẹnìkan ní ààbọ̀ ọjọ́, ọ̀rá tó lè dì fún fóònù. Díróònù kò yẹ nínú àpò ẹnikẹ́ni tó ń lọ síbi tí ẹyẹ ti ń sàba. Àṣá ló ń jọ lójú wọn.

Ta ló yẹ kó lọ síbo

Olùkọ́ tó fẹ́ kó ọmọ ilé-ìwé jáde, igi ẹ̀ga. Kò sí ohun tó yẹ kó gbé ọmọ ogún gun odò. Ẹni tó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹta, tó sì lè dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, Lọ́kọ́ja. Tí kò bá lè dákẹ́, kó lọ gun òkè Pátì. Ẹni tó ní owó ìrìnàjò kan ṣoṣo, àsìkò ìsinmi rẹ̀ ni kó jẹ́ kó yàn fún un: bó bá jẹ́ oṣù kejì, Djoudj, bó bá jẹ́ oṣù karùn-ún, Saloum. Ẹni tó bá lọ sí Saloum lóṣù Kérésìmesì yóò rí tern, kò ní rí ẹyin kan.

Ẹni tó bá sì ní adìyẹ nílé, yálà odò ló ti ń bọ̀ tàbí òkun, kó fi ọṣẹ fọ bàtà rẹ̀, kó sá a sóòrùn, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó wọ ilé adìyẹ.